Kayan Ɗaki: Ẹrù Yàrá Ìyàwó ní Ilẹ̀ Haúsá

Ní ìlú Kánò, Zaria àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní àríwá Nàìjíríà, àwọn obìnrin a máa to abọ́ àti àwo léra wọn sínú yàrá wọn, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ògiri. Kayan ɗaki ni àwọn Haúsá ń pè é, ìyẹn ẹrù yàrá. Àwọn òbí ìyàwó, pàápàá ìyá rẹ̀, ló ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀, wọn kì í sì í sábà fi í jẹun.

Igbá fínfín àti ìkòkò amọ̀ ló ṣáájú. Àwọn ọlọ́lá ní abọ́ ide. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, tí ọjà òkèèrè túbọ̀ ń wọlé, abọ́ irin tí a fi tánganran bò gba ipò. Ó fúyẹ́, kì í fọ́ bí amọ̀, òdòdó ara rẹ̀ sì ń tàn. Nígbà tó yá, àwo gíláàsì àti kọ́bọ́ọ̀dù dé.

Àwọn kan ka gbogbo èyí sí afẹ́ lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin Ìsìláàmù, ohun ìní aya kì í ṣe ti ọkọ. Bí ìgbéyàwó bá tú ká, obìnrin yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bí owó bá wọ́n, ó lè tà lára rẹ̀. Fún ẹlẹ́hàá tí kì í jáde lọ sọ́jà, ara ògiri yẹn ni owó rẹ̀ wà, lójú gbogbo àlejò.

Ibo ni owó náà ti ń wá? Enid Schildkrout, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ṣe ìwádìí ní Kánò lẹ́yìn ọdún 1975. Ó ṣàlàyé pé àwọn ìyá ẹlẹ́hàá ń se oúnjẹ títà nínú ilé, àwọn ọmọ ń bá wọn kiri, apá kan èrè ọmọbìnrin sì ń di ẹrù ìgbéyàwó rẹ̀. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kò lè kiri ọjà lásìkò kan náà. Ìyá tó rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí iléèwé pàdánù ẹsẹ̀ tó ń bá a dé ìta, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ìdílé ọkọ ṣì ń bọ̀ wá wo abọ́.