Ọ̀nà tí Àwọn Ọmọ Ìjọ Ń Gbà Kúrò Nílé

Nígbà tí mo jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ní Òkèlúsè, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé àpò wọn wá sílé ìjọsìn nínú oṣù kìn-ín-ní kí n gbàdúrà fún wọn. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń kédàárò pé àga ń ṣófo. N kò bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ìtàn ìjọ ni ó bá mi wí.

Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, J. B. Ṣadárè, Sophia Ọdúnlámì àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà ní 1922, wọ́n sì di ara Faith Tabernacle. Báwo ni ìjọ kékeré yìí ṣe tàn? Reluwé ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Ibi tí iṣẹ́ bá gbé akọ̀wé lọ ni ó ti ń pe aládùúgbò rẹ̀ sí àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ náà ṣe dé òkè ọya.

Iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba náà ni Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ń ṣe nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928. Ní July 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Àwọn tó wá láti ìlú mìíràn gbé iná náà padà sílé.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnìkan ti là ni ọ̀pọ̀ ń tọ̀. Iṣẹ́ ń ṣíwájú, ẹbí ń tẹ̀lé e. Ẹ wo Àkúílà àti Pìrìsílà nínú Ìṣe 18: àṣẹ ọba lé wọn kúrò ní Róòmù, iṣẹ́ àgọ́ pípa so wọ́n pọ̀ mọ́ Pọ́ọ̀lù ní Kọ́ríńtì, wọ́n sì bá a dé Éfésù. Nínú Róòmù 16, ìjọ ti wà nínú ilé wọn.

Reluwé kò gba Òkèlúsè kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà: apá kan kọjú sí Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́, apá kejì sí Benin. Nígbà tí mo wá bèèrè, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ń lọ síbi tí ẹ̀gbọ́n wọn ti kọ́kọ́ gba yàrá kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a ó fi jẹ oyè àlùfáà, bí wọ́n bá rán yín sí ìlú kékeré, ẹ má ṣe rò pé wọ́n gbàgbé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń lọ àti ibi tó ń lọ sílẹ̀. Ẹ pe olùṣọ́-àgùntàn ibẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Ẹni tí a kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni ó ń sọnù; ẹni tí a rán lọ, òjíṣẹ́ ni.