Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè Nípa Odò Ọ̀ṣun?

Kí òfin tó wà lórí ìwé ni àdéhùn ti wà láàárín Òṣogbo àti odò Ọ̀ṣun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn dé etí omi, wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n sún sókè, òun á dáàbò bò wọ́n, àwọn náà á máa bọ òun. Ẹni tó bá pe èyí ní àlọ́ lásán, kò tíì gbọ́ ọ dáadáa. Ìlú kúrò níbi tí omi lè kún dé, ẹja odò náà sì di ohun tí wọn ò gbọdọ̀ pa.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àdéhùn ti yẹ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gégi, àwọn míì ń fẹ́ ta ilẹ̀ igbó. Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà kò dá gbà á sílẹ̀ o, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ọ́. Àtàọ́ja tì í lẹ́yìn, àwọn àwòrò wà ńbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, sì bá a mọ ojúbọ. Ìjọba dá sí i ní 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Àmọ́ hẹ́kítà 75 ò lè sé omi tó ń bọ̀ láti òkè. Èkìtì ni odò yìí ti ń ṣàn wá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń wa góòlù sì ń da omi sínú rẹ̀. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Omi yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣéjìrè fún Ìbàdàn láti mu.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú àṣìṣe yìí. A kọ ọ̀kan fún ilé ìtajà kan nígbà kan. Ọ̀gá nìkan la bi léèrè. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn tó ń tajà fi padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ wọn.

Ta ló bi àwọn awakùsà? Àwọn náà fẹ́ jẹun. Àgbẹ̀ tó ń fi omi yẹn bomi rin ẹ̀fọ́ ńkọ́? Tí ìpàdé bá máa wà lórí odò yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ká ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.