Ẹyọ Ata Kan Lẹ́ẹ̀kan

Kí iná tó jó Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ lóṣù kìíní ọdún 2020, mo lè dijú rìn ín já. Màmá mi ló fi iṣẹ́ rírán kọ́ mi. Wọ́n á ka gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ata, àlùbọ́sà, irú, èlùbọ́. Ta ló máa rán ọmọ lọ ra ẹyọ ata rodo kan, kó gbé e wálé, kó tún padà lọ ra ìkejì?

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Unix àtijọ́ ṣe ń ka fáìlì o. Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969. Kernel rẹ̀, ìyẹn ọkàn ètò náà tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀, máa ń bu fáìlì ní báìtì 512 lẹ́ẹ̀kan. Dísìkì ìgbà yẹn ní apá tó ń sún kiri bí abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó bu díẹ̀, apá sún, ó tún bu díẹ̀. Nínú gbogbo agbára tí dísìkì ní, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n ń rí lò.

Ní Yunifásítì Berkeley, wọ́n kọ́kọ́ sọ 512 di 1024, ìyára sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó yà mí lẹ́nu. Tí ètò fáìlì náà bá ṣì jẹ́ tuntun, ó lè kó tó kílóbáìtì 175 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó já sí 30. Dísìkì ò bàjẹ́ o! Bí àwọn èèyàn ṣe ń pa fáìlì rẹ́, tí wọ́n ń kọ òmíràn, ni àyè tó ṣófo ń fọ́n káàkiri, tí fáìlì kan ṣoṣo wá ń gbé ibi púpọ̀. Àfi bíi kí aláta pàtẹ ata kan níwájú ààfin, kó fi ìkejì sí ìsọ̀ aláṣọ.

Marshall McKusick, William Joy, Samuel Leffler àti Robert Fabry ló tún un tò. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1984. Wọ́n sọ ìwọ̀n bíbù di báìtì 4096, ó kéré tán. Wọ́n pín dísìkì sí àdúgbò àdúgbò, kí fáìlì kan lè wà lójú kan, bí àwọn aláta ṣe ń jókòó ti ara wọn. Fáìlì kékeré ńkọ́? Wọ́n jẹ́ kí 4096 ṣeé gé wẹ́wẹ́, kí àyè má ṣòfò. Ìyára wá lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Mo ti ń wá owó tí mo máa yá láti fi ra tuntun kí n tó yẹ ètò tí mo kọ fúnra mi wò: báìtì kan, báìtì kan ló ń bèèrè lọ́wọ́ kernel. Ìlà méjì ni mo yí padà. Kọ̀ǹpútà yẹn náà ni mo fi kọ èyí.