Òṣómàáló: Bí Àwọn Ìjẹ̀ṣà Ti Fi Ènìyàn Ṣe Ìdí Òwò

Bí a bá dárúkọ Ìjẹ̀ṣà láwùjọ àwọn ọmọ Oòduà, kì í pẹ́ rárá kí aláwàdà kan tó fi òṣómàáló pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín: pé oníṣòwò aṣọ, ọmọ Obòkun, nígbà tí ẹni tí ó rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò san, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè náà, a sì búra pé òṣó ni òun yóò ló títí owó òun yóò fi pé. Yẹ̀yẹ́ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ yìí fi wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀ṣà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di oríkì, títí tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò ta ọ̀pá aṣọ kan rí láyé rẹ̀ fi ń dáhùn sí i lónìí bí ẹni pé ọjọ́ ìkómọ ni a ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àpárá náà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kíyè sí ni pé ẹni tí ó lóṣòó kò gbé kùmọ̀ dání, kò sì mú ọlọ́pàá lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí ọdún bá yípo, ẹnu ọ̀nà kan náà ni òun yóò tún gbé aṣọ wá. Owó kọ́ ni àwọn òṣómàáló ìgbà àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní in. Ènìyàn ni wọ́n ní, ènìyàn náà ni wọ́n sì fi là.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a rántí ipò tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin. Láti 1877 ni ogun Kírìjì ti gbé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kojú Ìbàdàn. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àgọ́ ogun tó tú ká pátápátá. Ṣáájú ogun náà ni a ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà lẹ́rú, tí àwọn kan bá ara wọn ní Sàró, tí àwọn mìíràn sì gba orí omi dé Bùràsíìlì. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn padà dé Èkó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n wá ara wọn rí: Ìjẹ̀ṣà bá Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì bá Èkìtì, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń ran Ògèdèngbé Agbógungbórò, olórí ogun wọn, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́ láti Èkó, tí ìbọn tuntun irú èyí tí ojú kò rí rí nílẹ̀ náà fi ń gba ọ̀nà Oǹdó wọ ojú ogun. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó nígbà náà, Frederick Kúmókùn Haastrup, ni a fi jẹ Ọwá, ọba Iléṣà, ní 1896, tí ó sì ń jẹ́ Ajímọ́kọ̀ Kìíní. Nítorí náà, kí ìgàn aṣọ tó gba ọ̀nà lọ sílé ẹnikẹ́ni, àwọn Ìjẹ̀ṣà ti mọ bí a ti ń fi ọmọ ìyá ṣe ọ̀nà. Ogun ni ó kọ́ wọn, àlàáfíà ni ó sì jẹ́ kí wọ́n jèrè ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kò gba Iléṣà kọjá. Ìlú mìíràn ìbá káwọ́ lérí, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ kan péré ni Òṣogbo sí Iléṣà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí í múná láti ilé lọ sóko kì í sì í ṣe ẹni tí í dúró de ohun tí ó lè lọ gbé. Aṣọ òyìnbó ń bọ̀ láti etíkun wá, bàfùtà, dàmáásìkì, àrán àti kàkí. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi John Holt àti Paterson Zochonis, àti UAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ní ẹrù ju iye àwọn tí ó lè fi owó gidi rà á lọ. Lápá kejì, kòkó ti ń gbilẹ̀ nínú igbó Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì, àgbẹ̀ olóko kòkó sì jẹ́ ẹni tí owó ń bọ̀ wá bá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ó bá kórè láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, tí ó jẹ́ pé láàárín ọdún ni ìyàwó ń bímọ, ni àna ń kú, ni ọdún Iléyá tàbí ìnáwó mìíràn ń dé bá a lójijì. Ẹrù wà lọ́hùn-ún, ìfẹ́ ẹrù wà níhìn-ín, owó kò sì sí láàárín àwọn méjèèjì. Àárín yìí ni òṣómàáló bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ ti í rí ìgàn aṣọ gbà lọ́wọ́ òyìnbó? Ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń bá ilé iṣẹ́ rajà tipẹ́, tí kò jẹ gbèsè mọ́jú rí, a dúró fún ẹnì kejì. Ẹni kejì, bí ó bá san tirẹ̀ bí ó ti yẹ, a dúró fún ẹnì kẹta. Bí ọ̀kan bá sá, ọrùn ẹni tí ó dúró fún un ni àjàgà wà, ojú a sì ti gbogbo agboolé wọn. Àwọn baba wa ti wí pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Láàárín àwọn òṣómàáló, ẹni tí ó bá bẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà ara rẹ̀ nìkan ni ó dí, ó dí ọ̀nà àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí fi ń ṣọ́ ara wọn ju bí ilé iṣẹ́ òyìnbó ti lè ṣọ́ wọn lọ.

Ọ̀nà tí ọmọdé fi ń wọ inú òwò náà fi èyí hàn kedere. A ó fà á lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tàbí ará àdúgbò rẹ̀ kan tí ó ń ṣòwò lọ́nà jíjìn lọ́wọ́. Òun ni yóò máa ru ẹrù tẹ̀lé e láti abúlé dé abúlé, tí yóò máa ká aṣọ, tí yóò máa fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, tí yóò máa rántí ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀wé kọ. Ó lè ṣe ọdún mélòó kan báyìí láìgba owó oṣù. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá rí i pé ó ti tó tán, kì í kàn ṣàdúrà fún un kí ó sì ní kí ó máa lọ, yóò kó ẹrù fún un láwìn, yóò mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ń rajà lọ́wọ́ wọn, yóò sì wí fún wọn pé, “Ọmọ mi rèé o, bí ẹ bá rí i, èmi ni ẹ rí.” Ọ̀rọ̀ kúkurú yìí ni ogún tí ó tóbi jù lọ tí ọ̀gá lè fi fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé aṣọ tí ó kó fún un lè tán lọ́jà kan, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó fi jẹ́rìí rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá dé ìlú àjèjì, ìyẹn Àkókó, Èkìtì, Òkè-Ògùn, tàbí kí ó tilẹ̀ gòkè lọ sílẹ̀ Hausa, àlejò ni, àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó wá baálé kan tí yóò gbà á sílé. Baálé yìí ni yóò máa sọ fún un pé lágbájá, olóko ni, kò sì gbàgbé gbèsè rí. Pé tàmẹ̀dù, ẹnu rẹ̀ dùn ṣùgbọ́n kí ó má fi aṣọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ìyá ẹlẹ́kọ bá kí láàárọ̀, tí àwọn ọmọ ilé bá ń pè ní bàbá aláṣọ, tí a bá rí níbi ìsìnkú àti ìkómọ ìlú náà tí ó ná owó rẹ̀ bí ọmọ onílé, aṣọ rẹ̀ ń tà ju ti ẹni tí ó kàn na ọjà sílẹ̀ lábẹ́ igi lọ. Níbi tí Ìjẹ̀ṣà bá sì pọ̀ sí, wọ́n a yan àgbà kan láàárín ara wọn, wọ́n a máa ṣe ìpàdé, wọ́n a máa parí ìjà, wọ́n a sì máa bá ẹni tí ó bá bọ́ sínú ọ̀fọ̀ gbé e.

Nísinsìnyí ni a wá dé ibi òṣó gan-an. Láyé àtijọ́, Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921 pé ológò ni olówó í bẹ̀ kí ó lọ sin gbèsè: ẹni líle, ẹlẹ́nu mímú, tí í ya wọ ilé onígbèsè, tí í pariwo, tí í pa adìyẹ àti ewúrẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ kàn, títí gbogbo agboolé yóò fi wá owó náà kí wọ́n lè rí ìsinmi. Owó a wọlé, àjọṣe a sì bàjẹ́ títí láé. Òṣómàáló kọ ọ̀nà náà sílẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti dé ẹnu ọ̀nà, yóò kí wọn dáadáa, yóò sì lóṣòó. Bí ìyàwó ilé bá yọjú tí ó wí pé, “Ẹ kú àárọ̀, bàbá aláṣọ, ọkọ mi ti lọ sóko,” yóò dáhùn pé, “Kò burú, ìyá mi, oko kò jìnnà, èmi náà kò kánjú.” Wọn a gbé omi wá, kò ní mu, wọn a gbé oúnjẹ wá, kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí ó bá jẹun onígbèsè kò lẹ́nu láti sin owó mọ́. Oòrùn yóò máa gòkè, àwọn tí ó ń lọ sódò yóò máa wò, títí àbúrò onígbèsè yóò fi jáde láti iyàrá kejì tí yóò wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá di ọjọ́ ọjà tí kò san án, ẹ wá bá mi.” Òṣómàáló yóò dìde. Kò tíì gba owó o, ṣùgbọ́n ó ti gba onígbọ̀wọ́, ẹni kan sì ti wọ inú àdéhùn náà tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

N kò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé mímọ́ ni gbogbo rẹ̀. Aṣọ àwìn wọ́n ju aṣọ ojú ẹsẹ̀ lọ, àwọn kan sì bu èrè lé e kọjá ààlà. Àwọn mìíràn fi ìtìjú ṣe ẹgba lára aláìní. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ lágbàáyé ní àwọn ọdún 1930, àgbẹ̀ kò rí san, òṣómàáló kò rí gbà, onígbọ̀wọ́ sì jẹ nínú ìyà tí kò jẹ́ tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, aṣọ wọ́n bí ojú, ẹni tí ó bá ní in kò sì ní ìdí láti tà á láwìn. Lẹ́yìn ogun náà, mọ́tò dé abúlé, ṣọ́ọ̀bù dé gbogbo ìlú ńlá, àgbẹ̀ sì lè lọ ra aṣọ fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òṣómàáló fi bọ́ sídìí mọ́tò, sídìí kòkó rírà, sídìí ilé kíkọ́ àti ọmọ kíkọ́ níwèé.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi òwò náà kọ́ kò bá ẹrù lọ. Ìlú tí ó ti mọ bí a ti ń dúró fún ara ẹni ní iwájú òyìnbó olówó, ó mọ bí a ti ń dúró fún ara ẹni nínú ọ̀ràn ìlú pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà kò dúró de ìjọba tàbí ìjọ kan kí ó tó dá Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Iléṣà sílẹ̀ ní 1934, ní àkókò gan-an tí owó wọ́n jù lọ láàárín ìlú.

Lóde òní, mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe káàdì dídán, tí wọ́n ń gba nọ́ńbà fóònù níbi àríyá àti ìpàdé, tí wọ́n sì gbà pé àwọn ti mọ ènìyàn. Ẹni tí o kò mọ ilé rẹ̀, tí o kò bá a kẹ́dùn rí, tí kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ọ, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Àgbà ti sọ pé ẹni tí ó ń wá owó lọ tí ó bá iyì pàdé lọ́nà, kí ó yáa padà sílé, nítorí bí ó bá rí owó náà tán, iyì ni yóò fi rà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹ san gbèsè kékeré kí ẹ tó tọrọ ńlá, ẹ má ba ilé tí ẹ ó tún padà lọ jẹ́, ẹ sì dúró fún ọmọ ẹlòmíràn bí ẹnì kan ti dúró fún yín.