ÌGBÀGBỌ́ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́: LÁTI ABẸ́ÒKÚTA DÉ LEKKI ÀTI AJAH

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí a sábà máa ń kọ sínú ìwé ìrántí ni orúkọ àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níbẹ̀, ọdún tí a fi ìpìlẹ̀ ilé Ọlọ́run lélẹ̀, àti iye owó tí a fi ra páànù tí a fi bò ó. Ohun rere ni àwọn wọ̀nyí, wọn kò sì ní ṣàìsí nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ni èmi fẹ́ sọ. Ìgbàgbọ́ kò dá nìkan wọ ilẹ̀ wa. Òun àti iṣẹ́ ni wọ́n jọ wọlé, àwa ọmọ Ìjọ ni a sì yà wọ́n nípá nígbà tí ó yá. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń gbé ní ìhà Lekki àti Ajah lónìí ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, gẹ́gẹ́ bí èmi yóò ti fi hàn.

Ilẹ̀ tóóró ni ilẹ̀ wa yìí, láàrin òkun àti ọ̀sà. Òkun ńlá ni ó wà ní gúúsù, ọ̀sà ni ó wà ní àríwá, iyanrìn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ kò lè fi í ṣe oko iṣu bí ti àwọn ará òkè. Ẹja ni wọ́n ń pa, àgbọn ni wọ́n ń gbìn, àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n sì ń hun ẹní. Òwò òkèèrè ti mọ etíkun yìí tipẹ́. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Desẹ́ḿbà 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ. Ní 1854 ó bá Campbell, aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, a sì gbà kí ó máa ṣòwò ní Palma. Láti Palma àti Lekki ni epo pupa ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, títí ó fi fi etíkun méjèèjì lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1863. Kí òǹkàwé mi ṣàkíyèsí èyí dáradára: ní etíkun tiwa gan-an ni a ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè ńlá ìgbà náà, èyíinì ni pé, kí ni ènìyàn yóò máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí kò bá ta arákùnrin rẹ̀ mọ́?

Ẹni tí ó gbé ìbéèrè náà ka iwájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Thomas Fowell Buxton. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1839 àti 1840, ó sọ pé ọkọ̀ ogun nìkan kò lè pa òwò ẹrú; pé Bíbélì àti ohun ìtúlẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jọ wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya láti dán ìmọ̀ràn yìí wò. Àlùfáà Schön àti Samuel Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó, oko tí a dá sí ibi tí Ọya àti Bẹ́núè gbé pàdé sì di ìgbàgbé ní 1842. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ka ìrìn náà sí òfò. Crowther kò kà á bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ Crowther gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rántí pé ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ọmọ Òṣogùn ni. A kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, a sì gbé e lọ sí Sàró. Ní abúlé Bathurst ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń lo ayùn àti ìfági. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Desẹ́ḿbà 1825. Ọwọ́ kan náà ni ó fi mú ìwé tí ó fi mú ayùn, mo sì rò pé èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń kà á sí lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ pákó rí mọ̀ pé a kò lè purọ́ fún pákó: bí ó bá wọ́, ó wọ́ náà ni, gígùn àdúrà kò sì ní mú un tọ́. Olúwa wa pàápàá, ilé káfíńtà ni ó gbé dàgbà.

Ní oṣù Jánúárì 1845 ni Àlùfáà Townsend, Àlùfáà Gollmer àti Àlùfáà Crowther gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì fún ẹgbẹ́ C.M.S. Ní oṣù Ògọ́sì 1846 ni Townsend àti Crowther wọ Abẹ́òkúta, níbi tí Crowther gbé tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Nígbà náà, Àlùfáà Henry Venn ni akọ̀wé C.M.S. ní London. Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni pé kí Ìjọ ilẹ̀ wa lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀; ó sì mọ̀ pé Ìjọ tí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dilẹ̀ kò lè bọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe fọ̀rọ̀ lọ Thomas Clegg, ará Manchester tí í ṣe oníṣòwò òwú. A fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. A rán Henry Robbin, ọmọ Sàró, lọ sí Manchester kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà. A sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, bíríkì ṣíṣe àti ìtọ́jú òwú. Àwọn ọmọ Crowther wà nínú àwọn tí ń bójú tó o. Townsend ní tirẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́ bí a ti ń to lẹ́tà, Ìwé Ìròhìn sì jáde ní oṣù Desẹ́ḿbà 1859.

Èmi kò ní yin iṣẹ́ yìí kọjá bí ó ti yẹ. Manchester ni òwú náà ń lọ, àwọn ará Manchester ni ó sì ń sọ iye tí wọn yóò rà á. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jà láti 1861 dé 1865, òwú wọ́n, owó rẹ̀ sì gòkè. Nígbà tí ìjà náà parí, owó wálẹ̀, àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Amẹ́ríkà ni ó jẹ ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ìfọ́lé oṣù Ọkítóbà 1867. A fọ́ àwọn ilé ìsìn, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn òyìnbó sì jáde kúrò ní ìlú. Ṣùgbọ́n a kò lè fọ́ ohun tí ó ti wọ inú ọwọ́ àwọn ọmọ.

Ohun tí ó pa iṣẹ́ ọwọ́ lára nínú Ìjọ wa gan-an kì í ṣe Ìfọ́lé. Kálàmù ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù 1859, Àlùfáà T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, ṣí C.M.S. Grammar School ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. James Pinson Labulo Davies, ọ̀gákọ̀ àti oníṣòwò, ni ó fi £50 sílẹ̀ láti ra ìwé àti ohun èlò. Ilé ẹ̀kọ́ rere ni, a sì ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ilé ìṣòwò òyìnbó àti ọ́fíìsì Ìjọba ti ń wá akọ̀wé ni ọkàn àwọn òbí ń fà kúrò lọ́dọ̀ ayùn. Akọ̀wé wọ kóòtù, ó jókòó sí iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Káfíńtà tí ó kan àga tí akọ̀wé jókòó lé, ẹ̀yìn ni a fi í sí. Àrùn yìí kò tíì kúrò lára wa. Davies fúnra rẹ̀, nígbà tí òwò rẹ̀ wó, ilẹ̀ ni ó padà sí: ní nǹkan bí 1880, ó ń gbin kòkó ní Ijon, lẹ́bàá Agége. Richard Beale Blaize, tí ó ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé kí òwò tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, kò gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1904, owó tí ó fi sílẹ̀ ni a fi dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ní Agége yìí náà ni Bíbélì àti ọkọ́ ti tún pàdé, kì í sì í ṣe òyìnbó ni ó mú wọn pàdé. Jacob Kẹ́hìndé Coker jẹ́ wọ́ọ̀dìn ní St. Paul's, Breadfruit, Èkó. Ní 1901, nítorí ìwà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell hù sí James Johnson, òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kúrò láàrin wa, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyapa yẹn dun Ìjọ wa púpọ̀, n kò sì fẹ́ tún egbò náà ṣí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ìjọ: nínú oko Coker ni a ti rí ohun tí Venn fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti onírúurú apá ilẹ̀ Yorùbá wá ṣe lébìrà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní abúlé oko. Nígbà tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn, irúgbìn kòkó àti Ìgbàgbọ́ ni wọ́n jọ gbé lọ. Kò sí Manchester kan tí ó rán wọn. Ilé páànù àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú òkè, láti inú kòkó ni wọ́n ti wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí etíkun wa. Kòkó kò hù nínú iyanrìn wa, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti hù níbẹ̀. Ní oṣù Júláì 1990, Ìjọba ológun Èkó wó Maroko, níbi tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn ń gbé. A kó díẹ̀ nínú wọn wá sí Ilasan àti Ikota. Àwọn tí ó pọ̀ jù wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí fúnra wọn. Ilé nìkan kọ́ ni wọ́n pàdánù: alágbàfọ̀, apẹja àti alátẹ pàdánù àwọn tí ń rajà lọ́wọ́ wọn. Láti 2006 ni a ti ń la agbègbè òwò ọ̀fẹ́ ní Ibeju-Lekki, àwọn abúlé kan sì ti fi ilẹ̀ oko wọn sílẹ̀ fún un. Ní oṣù Jánúárì 2023 a ṣí èbúté ńlá Lekki. Ní oṣù Méè ọdún kan náà a ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 ní ojúmọ́ kan. Epo tún ń wọ ọkọ̀ ní etíkun Kòsọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe epo pupa mọ́. Ìbéèrè ìgbà Kòsọ́kọ́ náà sì tún padà: kí ni ọmọ onílẹ̀ yóò máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?

Àwọn ará wa Kátólíìkì ti dáhùn ní apá kan, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Lagos Business School, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 tí ó sì wà ní Ajah, ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Josemaría Escrivá ará Spain, tí ó dá Opus Dei sílẹ̀ ní 1928. Ẹ̀kọ́ náà ni pé iṣẹ́ òòjọ́ tí a fi òótọ́ ṣe jẹ́ ọ̀nà sí ìwà mímọ́, àti pé ènìyàn lè yin Ọlọ́run lógo ní ìdí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun púpọ̀ ni àwa àti wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ṣùgbọ́n lórí èyí, n kò rí àríyànjiyàn. Àìtó rẹ̀ lójú mi ni pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń kọ́. Ta ni yóò kọ́ ọmọ apẹja?

Nínú ìjọ tiwa, bí a bá ní kí a sọ òótọ́, nígbà tí ẹnìkan bá rí iṣẹ́ tàbí ìgbéga, a ń ṣe ìdúpẹ́ fún un. A ń gba ìdámẹ́wàá rẹ̀. A kì í bi í bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Akọ̀wé báńkì tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kọ iye tí kì í ṣe òótọ́, ó wà ní àárín wa ní ọjọ́ Ìsinmi, a kò sì ní ọ̀rọ̀ kan fún un. Bẹ́ẹ̀ ni alágbàṣe tí ń po símẹ́ǹtì mọ́ iyanrìn, tí ó sì mọ̀ pé símẹ́ǹtì náà kò tó. Àwọn ọmọ tí ó mọ ìgbì òkun láti kékeré wà ní kíláàsì ìfẹsẹ̀múlẹ̀ wa. Èbúté tí ó ń wá wẹ́dà, oníná àti ẹni tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe wà ní òpin títì wa. Owó ìkọ́ṣẹ́ ni ó dúró láàrin àwọn méjèèjì. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìjọ bá jókòó lórí ohun tí a ó fi owó ọdún yìí ṣe, àwọn kan yóò dábàá ilé ìṣọ́ agogo tuntun. Èmi bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ ka iye ọmọ tí ó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì ní ọ̀gá tí ń kọ́ ọ ní iṣẹ́, kí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí a ó ṣe ìrìbọmi fún.