Yìnyín Ni tàbí Òkúta? Ohun tí Rédà ń Sọ nípa Ojú Òṣùpá, àti Ohun tí Ilẹ̀ Ìrẹsà Lè Fi Kún Un

Ìfáárà

Oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ àwọn kòtò kan ní ìkángun àríwá àti gúúsù òṣùpá. Rédà kò nílò oòrùn: òun fúnra rẹ̀ ló ń ta ìgbì rédíò, tó sì ń gba èyí tó bá padà. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ iṣẹ́ wò tí wọ́n ti fi rédà tó ń ṣọ́ ìhà tí ìgbì ń gbọ̀n sí ṣe láti 1991. Èrò wa ni pé bí ojú ilẹ̀ ṣe rí ni irú rédà yìí ń sọ. Kì í dá sọ ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìgbì tí wọ́n sábà máa ń ta sí òṣùpá ń yí bí ó ṣe ń lọ. Bí èyí tó ń yí sọ́tùn-ún bá lu ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, òsì ni yóò yí bọ̀. Bó bá lu òkúta, tó tún lu ilẹ̀ kó tó padà, ọ̀tún náà ni yóò yí bọ̀. Wọn a wá fi iye èyí tó yí pa dà pín iye èyí tí kò yí pa dà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, èsì máa ń sún mọ́ 0. Lórí òkúta jágbajàgba, ó lè tó 1. Yìnyín tó mọ́ lè mú un kọjá 1, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìgbì ti ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta kan pẹ̀lú lè mú un kọjá 1.

Àríyànjiyàn

Ní 1991, wọ́n ta ìgbì láti Goldstone ní California sí Mercury, wọ́n sì gbà á padà ní New Mexico. Ìkángun pílánẹ́ẹ̀tì náà tàn bíi yìnyín. Ní 2012, àwọn irin iṣẹ́ mìíràn tí ọkọ̀ MESSENGER gbé lọ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ti òṣùpá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ Clementine ti mú kí àwọn kan sọ ní 1996 pé yìnyín wà ní gúúsù rẹ̀. Ní 2006, Donald Campbell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n lo rédà Arecibo ní Puerto Rico, rí èsì gíga kan náà níbi tí oòrùn ń pa. Yìnyín kò lè dúró níbẹ̀. Òkúta tó fọ́ ni. Ní 2010, àwọn tó ń lo rédà Mini-SAR lórí ọkọ̀ Chandrayaan-1 ti Íńdíà tọ́ka sí kòtò tó lé ní 40 ní àríwá. Kòtò tuntun máa ń ní òkúta nínú àti lóde, èsì á sì ga níbi méjèèjì. Nínú nìkan ló ga ní ti àwọn wọ̀nyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi rò pé yìnyín ni. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán.

Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ dé

Ilẹ̀ tí ènìyàn lè rìn dé ni a ti lè yẹ ohun tí rédà sọ wò, rédà kì í sì ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Àwòrán rédà tí ọkọ̀ òfuurufú yà ní àwọn ọdún 1976 sí 1978 ni wọ́n fi ṣe máàpù igbó àti ìlò ilẹ̀, nítorí kùrukùru kì í dí i lọ́wọ́. Lóde òní, sátẹ́láìtì rédà Sentinel-1, tó gbéra ní 2014, ń kọjá lórí Ìrẹsà-Adú àti Ìrẹsà-Apá ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbì òró ló ń ta, ó sì ń gba ti òró àti ti ìbú padà. Níbi tí wọ́n ti sé odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi tó pa rọ́rọ́ á dúdú nínú àwòrán ti òró àti ti ìbú. Nínú oko ẹ̀gẹ́, ewé àti ẹ̀ka á sọ díẹ̀ nínú ìgbì òró di ti ìbú. Igbó ọ̀dàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rìn débẹ̀ ló lè sọ èyí tó jẹ́ oko.

Ìgúnlẹ̀

Ìgbì Sentinel-1 kì í yí bíi èyí tí wọ́n ń ta sí òṣùpá, ewé àti òjò sì ń da ọ̀rọ̀ rú nílẹ̀ wa. Àpáta gbalasa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sún mọ́ òṣùpá jù. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán Sentinel-1. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá wọn àwọn òkúta Ìrẹsà, tí wọ́n sì fi wé àwòrán, wọn yóò mọ bí òkúta lásán ṣe lè mú ìgbì padà tó, kí ẹnikẹ́ni tó pe ohun tó kù ní yìnyín.