Ọwọ́ Ta Ni Ó Kọ́ Taj Mahal?

Bí a bá dárúkọ ìlú Agra ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé funfun kan ṣoṣo ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé náà ni Taj Mahal. Kì í ṣe ààfin, ibojì ni. Ẹni tí ó bá lọ wò ó kì í ṣàì gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn tí ń mú àlejò káàkiri. Ìtàn wọn dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtàn tí ó dùn ni ó jẹ́ òótọ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdáhùn tí àwọn òkúta Agra fúnra wọn fún ìbéèrè kan: àwọn wo ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kí sì ni ìtàn ti ṣe sí wọn?

Agra wà ní etí odò Yamuna, ní ìhà gúúsù Delhi. Ní 1526 ni Babur, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọba Mughal, ṣẹ́gun ní Panipat, tí Agra sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Akbar, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta pupa mọ odi ńlá ibẹ̀ ní 1565. Shah Jahan, ọmọ ọmọ Akbar, gorí oyè ní 1628. Òkúta funfun ni òun fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó bá rìn nínú odi náà yóò rí iṣẹ́ àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: pupa ti bàbá àgbà, funfun ti ọmọ ọmọ.

Ní 1631, Mumtaz Mahal, aya tí Shah Jahan fẹ́ràn jùlọ, kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Burhanpur, nígbà tí ó ń bí ọmọ rẹ̀ kẹrìnlá. Ní 1632 ni iṣẹ́ ibojì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Jai Singh, ọba Amber, ni ó ni ilẹ̀ náà. Shah Jahan sì fún un ní ilé mẹ́rin dípò rẹ̀. Nítorí pé etí odò ni, àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ kànga jíjìn, wọ́n sì fi òkúta dí wọn kí ìpìlẹ̀ má baà rì. Makrana, tí ó jìnnà tó nǹkan bí 400 kìlómítà, ni àwọn kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ti ń kó òkúta funfun wá. Tavernier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ń ṣòwò òkúta iyebíye, kọ ọ́ pé 20,000 ènìyàn ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 22. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ìtàn kò ṣe dáadáa sí.

Ìtàn kìíní ni pé nígbà tí iṣẹ́ parí, Shah Jahan gé ọwọ́ wọn, kí wọn má baà kọ́ irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀rí kan fún èyí. Iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e sì já a nírọ́. Ní 1639, kí iṣẹ́ Taj tó parí pátápátá, ọba kan náà bẹ̀rẹ̀ odi pupa Delhi, tí ó wà níbẹ̀ di òní. Ustad Ahmad ará Lahore, tí ọmọ rẹ̀ sọ nínú ewì pé òun ni ó kọ́ Taj, wà lára àwọn ọ̀gá tí a fi iṣẹ́ Delhi lé lọ́wọ́. Makramat Khan, tí ìwé ìtàn ààfin dárúkọ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó iṣẹ́ Taj, bójú tó ti Delhi pẹ̀lú. Ọba tí iṣẹ́ pọ̀ níwájú rẹ̀ kò jẹ́ gé ọwọ́ tí yóò ṣe é. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, Amanat Khan, ọmọ Shiraz ní ilẹ̀ Páṣíà, tí ó fi ọnà kọ àwọn ẹsẹ Àlùkùránì sára ilé náà, kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọba kò pa á rẹ́.

Ìtàn kejì ni pé Shah Jahan fẹ́ kọ́ ibojì dúdú fún ara rẹ̀ ní òdìkejì odò. Tavernier ni ó kọ ọ́ pé ọba bẹ̀rẹ̀ ibojì tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé ogun láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ dí i lọ́wọ́. Òótọ́ ni ogun náà: ní 1658, Aurangzeb gba oyè mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì há a mọ́ inú odi Agra, níbi tí Jahanara ọmọbìnrin rẹ̀ ti tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1666. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wa òdìkejì odò náà, ní Mehtab Bagh, láàárín 1990 sí 2000, wọn kò bá ìpìlẹ̀ ibojì kankan. Ọgbà ni wọ́n bá, pẹ̀lú adágún onígun mẹ́jọ tí òjìji Taj ti lè hàn nínú omi rẹ̀. Ìtàn ilé tí kò sí rí ti bo iṣẹ́ àwọn ológbà mọ́lẹ̀.

Ìtàn kẹta ni ó wọni lára jù. Sebastião Manrique, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Potogí tí ó dé Agra ní nǹkan bí 1640, kọ ọ́ pé ará Ítálì kan, Geronimo Veroneo, ni ó yàwòrán ilé náà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Veroneo. Ìwé ààfin kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àwọn òǹkọ̀wé kan gbé ìtàn náà kiri. Ẹlòmíràn nínú wọn ní ọmọ Faransé ni. Àwọn òkúta dáhùn. Ibojì Humayun ní Delhi, tí a parí ní nǹkan bí 60 ọdún ṣáájú, ti ní òrùlé rìbìtì àti ọgbà tí a pín sí mẹ́rin. Ní Agra níbẹ̀ pẹ̀lú, ibojì tí Nur Jahan kọ́ fún bàbá rẹ̀, tí ó parí ní 1628, ti ní òkúta aláràbarà tí a tò sínú òkúta funfun. Ilé ni ó bí ilé. Taj kò já bọ́ láti ọwọ́ àjèjì.

Àwa ọmọ Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní Atlantis àti ọ̀làjú Gíríìkì àtijọ́ ni ó bí wọn. Kò gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó bá níbẹ̀ ni ó dá ọgbọ́n náà. Ní 1938, a hú orí idẹ mìíràn jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ti ń pọ̀ sí i láti inú ilẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń di aláìlẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà méjì ni a fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ nínú ìtàn. Èkíní ni kí a gé ọwọ́ rẹ̀ nínú àlọ́, kí ìkà ọba lè di ohun ìyanu. Èkejì ni kí a fi iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Méjèèjì ni kì í jẹ́ kí a béèrè bí a ti ṣe iṣẹ́ náà, tí ó sì jẹ́ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé Agra, kí ó wo òrùlé funfun náà ní àwòyanu, nítorí ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó bojú wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Lára àwọn òkúta pupa ibẹ̀ ni àmì kéékèèké wà, tí àwọn agbẹ́-òkúta fín sí i láti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn. A kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé ààfin, ṣùgbọ́n àmì wọn kò parẹ́. Ẹni tí ó bá rí àmì náà ti rí ìdáhùn.